Omi Tí Wọ́n Fi Ṣe Wá Lálejò

Ẹ kọ́kọ́ mu omi ná, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì. Ẹ gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ yín yẹn sórí tábìlì, kò ní sá lọ. Láti Alágbàká ní Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó kì í ṣe ọ̀nà kékeré, oòrùn òní kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi eyín já etí ọ̀rá náà, ẹ máa mu. Ó tutù, àbí? Láti ìgbà tí ẹ ti pè mí láàárọ̀ pé ẹ ń bọ̀ ni mo ti gbé e sínú fíríìjì.

Ẹ ti bi mí ní ìbéèrè mọ́kànlá, mo kà á, ẹ kò sì tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ní ṣé kànga ẹlẹ́rọ tí ẹgbẹ́ yín gbẹ́ síwájú ilé mi ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní báwo ni omi rẹ̀ ṣe rí, mo ní a dúpẹ́, ẹ tún tẹ ìyẹn náà. Ìka yín yá púpọ̀. Ẹ má rò pé mo ń bú yín o. Nígbà tí mo rí bí ó ṣe ń yá yẹn ni àyà mi já, nítorí èmi náà ti ní irú ìka bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kù díẹ̀ kó ba ayé odidi abúlé kan jẹ́. Ẹ pa iná ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí n dáhùn èyí tó kù, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán.

Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí, mo ti ṣe é kí wọ́n tó bí yín. Tíṣà ni mí nígbà náà, níbí ní Oǹdó. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ a máa rán èmi àti àwọn díẹ̀ lọ sí oko láti ṣe ìwádìí. Ẹgbẹ́ náà kò wá èrè kankan. Wọ́n á gbẹ́ kànga síbí, wọ́n á pín oògùn sọ́hùn-ún, a ó wá lọ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ṣe ṣe àwọn ènìyàn lóore. Ìwé tí a bá kọ wá ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ máa gbà lọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Kò sí ẹni tó ń lọ wò ó lẹ́yìn wa. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó dáa, ó ti dáa nìyẹn.

Kò sí fóònù, kò sí nǹkan tí ń tàn yanranyanran lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé ni, pẹ́ńsù ni. Mo ṣì ń gbọ́ ìró abẹ tí a fi ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù láàárọ̀, àti ti ẹ̀rọ atẹ̀wé tí a ń fi ọwọ́ yí ní ọ́fíìsì, tí yóò máa pọ fọ́ọ̀mù jáde, tí gbogbo ara wa á máa rùn fún tàdáwà. Bọ́ọ̀sì á já wa sílẹ̀ ní ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, a ó wá fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ wọ inú oko kòkó. Nígbà kan, ewúrẹ́ jẹ fọ́ọ̀mù ilé mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń jẹ iṣu. Mo lé e yí abúlé ká, àwọn ọmọdé ń pariwo tẹ̀lé mi, etí ìwé kan ṣoṣo ni mo rí gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo padà lọ bẹ àwọn onílé náà pé kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ sọ. Wọ́n tún un sọ, ìdáhùn wọn kò sì bá ti àkọ́kọ́ mu rárá. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà náà. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà mí.

Ẹ̀yin kò mọ sobìà. Ẹ máa dúpẹ́. Kòkòrò ni, funfun, ó gùn bí òwú ìránṣọ, inú omi adágún ló ti ń bá ènìyàn wọlé. Ẹni tó mu ún kò ní mọ nǹkankan fún bí ọdún kan. Ọdún náà á wá yí po, ẹsẹ̀ á wú, á máa jó o bí iná, sobìà á sì yọ orí. Ẹ ò gbọdọ̀ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, torí bí ó bá já sínú, wàhálà dé. Igi ìṣáná ni wọ́n ń ká a mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí kòkó pọ́n lórí igi gan-an ló máa ń jáde. Mo ti dé abúlé tí kòkó ti ń jẹrà lókè, tí àwọn tó ni ín jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, tí wọ́n ń wò ó.

Abúlé tí mo fẹ́ sọ yìí ń jẹ́ Abà Titun. Ẹ má wá a kiri, ẹ ò lè rí i mọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kó lọ sí etí títì. Ó dùn ún gbé nígbà náà. Bí ẹ bá ń wọlé lásìkò ọyẹ́, òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, ó máa ń ta sánsán sí ènìyàn nímú bí ọtí. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n á gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó tó dára jù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi èyí tó kéré ṣe tiwọn nílé. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wọn, ohun tó dáa jù ni wọn yóò gbé fún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ wa ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí Abà Titun kí wọ́n má baà mu omi adágún mọ́. Kí kànga náà tó dé, aṣọ ìsẹ́mi ni a fún wọn, aṣọ tí wọ́n ń ta sí ẹnu ìkòkò kí kòkòrò má baà bá omi wọlé, a sì ń da oògùn sínú adágún wọn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, aṣọ àti oògùn tó kù ní ọ́fíìsì kò ju ti abúlé kan lọ, abúlé míì sì wà tí kò ní kànga rárá. Wọ́n wá rán mi pé kí n lọ wò ó bóyá Abà Titun ṣì nílò aṣọ, àbí gbogbo ilé ti ń mu omi ẹ̀rọ.

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Ilé Yèyé Lọ́lá ni mo dé sí, obìnrin tí kò fi ọjọ́ orí jù mí lọ púpọ̀, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó lágbára. Sobìà ti mú un rí, àpá rẹ̀ wà lójúgun rẹ̀ méjèèjì. Ó ti mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́sẹ̀ gan-an tó yẹ kó ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Oǹdó, ọmọ náà kò sì lọ mọ́, ó gba oko lọ. Lọ́lá, àbúrò rẹ̀, nìkan ló kù. Ọdún tó ń bọ̀ ni Lọ́lá máa ṣe ìdánwò tirẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ bí ẹni ń gbàdúrà: "Ẹsẹ̀ Lọ́lá á gbé e débẹ̀."

Ilé tí mo bá wọ̀, wọ́n á fún mi ní àga, wọ́n á fún mi lómi. Omi náà mọ́ lóló, ó tutù nini láti inú ìkòkò amọ̀. Mo á mu ún tán, mo á ní, "Ẹ ṣé o, omi yín dùn." Mo á wá yọ pẹ́ńsù mi. Ṣé omi ẹ̀rọ náà dára? "A dúpẹ́ o, Tíṣà." Ṣé ẹ ń lò ó? "À ń lò ó, Olúwa a san yín lẹ́san." Mo á fa ìlà sí i. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, n kò tilẹ̀ gbé ojú sókè mọ́ kí n tó fa ìlà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo fi ìwé ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́: gbogbo ilé ló ń mu omi ẹ̀rọ, wọn kò nílò aṣọ mọ́. Inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà jẹ ní Bọ́lọ́rundúró.

Mo gbàgbé súwẹ́tà mi sílé Yèyé Lọ́lá. Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà nìyẹn, súwẹ́tà lásán. Ọyẹ́ ń mú, n kò ní òmíràn, mo wá padà lọ ní Ọjọ́rú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé ní ọ̀sán, àwọn àgbà ti lọ fọ́ kòkó lóko, Lọ́lá nìkan ni mo bá nílé. Òùngbẹ ti gbẹ mí kọjá ààlà. N kò dúró kó bu omi fún mi, mo kọrí sí ìdí ẹ̀rọ, mo di ọwọ́ irin rẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí fà. Ẹ má gbàgbé pé mo ti lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ tí mò ń bèèrè nípa ẹ̀rọ yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án.

Omi tó jáde pọ́n. Ó ń rùn bí irin tó ti dípẹtà. Mo ti gbé ọwọ́ dé ẹnu tí Lọ́lá fi sáré dé, tó gbá omi náà dànù lọ́wọ́ mi.

"Tíṣà, ẹ má mu ún! Ó máa ń run ènìyàn nínú."

"Omi wo wá ni mò ń mu láti ọjọ́ mẹ́rin?"

Ó dojú bolẹ̀. "Ti adágún ni. Yèyé ní kí n máa rìn wọ iwájú, níbi tí kò ní ẹrẹ̀, kí n sì máa sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì nítorí yín."

Mo ní kó mú aṣọ ìsẹ́mi náà wá kí n rí i. Ó mú un wá. Mo nà án sókè sí oòrùn, mo sì rí ihò tí ìka ọwọ́ mi méjì lè gbà kọjá. Mo ní ṣé gbogbo aṣọ abúlé ló rí báyìí, ó ní tiwọn sàn, àwọn míì ti fi tiwọn nu ìkòkò. Mo ní kó mú mi dé adágún. Ọkùnrin kan jókòó létí omi níbẹ̀, ó fi àkísà di ẹsẹ̀, ó ti ki ẹsẹ̀ náà bọ inú omi kó lè tù ú lára. Ẹ̀yin kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Sobìà tó ń yọ lẹ́sẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ ń da ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu ni. Mo kígbe mọ́ ọn, ó yọ ẹsẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó ń jó òun ni.

Yèyé Lọ́lá bá mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí mo dì mọ́ súwẹ́tà. Mo pariwo mọ́ ọn, ojú ń tì mí báyìí tí mò ń sọ ọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Kí ni kí n sọ, Tíṣà? Ẹ kúrò ní Oǹdó, ẹ wá gbẹ́ kànga fún wa, a kò bẹ̀ yín. Ẹ wá jókòó síwájú wa, ẹ ní ṣé ó dára. Ṣé kí a wò yín lójú kí a ní kò dára ni?" Ó sọ agbọ̀n kòkó orí rẹ̀ kalẹ̀. "Wọ́n tún ní bí a bá ráhùn, ẹ óò bínú, ẹ ò ní fún wa láṣọ mọ́."

Mo ní, "Yèyé Lọ́lá, ìyìn tí ẹ yìn wá ló máa gba aṣọ náà lọ́wọ́ yín. Lọ́la ni wọ́n máa kó o lọ síbòmíràn."

Ó wo Lọ́lá tó ń da omi sínú ìkòkò, ó sì wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. N kò gbàgbé bí ó ṣe wo ẹsẹ̀ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí mo fi wọ bọ́ọ̀sì láti Oǹdó. Aago mẹ́sàn-án ni ìpàdé tí wọ́n ti máa pín aṣọ náà, ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká. Kí a tó dé Owénà, táyà fọ́. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yí i po, ó fọwọ́ síbàdí, ó ní èyí tó gbé sẹ́yìn náà kò dára. Mo dúró létí títì, eruku ọyẹ́ ń bò mí, mò ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Lọ́rì tó kó pákó ló gbé mi. Mo jókòó láàárín awakọ̀ àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀, mò ń wo aago ọwọ́ mi, mò ń ronú nípa ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ tí orúkọ mi kò fi ní bàjẹ́. N kò rí ọ̀nà náà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: láàárín ọ̀nà, mo rò ó pé kí n dákẹ́. Mo ní ta ló máa mọ̀? Ọdún kan gbáko ni sobìà máa lò kó tó jáde, ta ló máa rántí ìwé tí mo kọ? Èrò yẹn wá sí mi lọ́kàn, èmi Tíṣà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́.

Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ tó fẹ́ kó aṣọ lọ ti wà nínú ọgbà, wọ́n ti ṣíná sí i. Mo sáré wọlé. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Pẹ́ńsù nítorí pé pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́ ni, ó le bí òkúta. Bí inú bá bí i, èdè ilé rẹ̀ á yọ, iṣẹ́ á di uṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé mi gan-an ló ń kà fún ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, eruku kún irun mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni ìwé yẹn."

Ó gbé ojú sókè. "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

Ó bọ́ pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí, ó gbé e sórí ìwé náà. "O kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé òótọ́ ni, o wá ní irọ́ ni lónìí. Ṣé uṣẹ́ tí mo rán ọ nìyí? Èwo ni kí n gbà gbọ́?" Ó ní abúlé kejì náà ní ọmọ, àwọn náà ní ẹsẹ̀, òun kò lè gba aṣọ lọ́wọ́ wọn nítorí pé mo yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló dìde. "Ó yá. Gbogbo wa ń lọ sí Abà Titun báyìí. Bí wọ́n bá sọ ohun tí o sọ, àwọn ni wọ́n máa gba aṣọ. Bí wọn kò bá sọ ọ́, má padà wá síbí mọ́."

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé ó ti tán. Mo ti gbàgbé irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Baálẹ̀ rí ọkọ̀ ọ̀gá, ó pe gbogbo abúlé jọ. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé àga tó dára jù jáde, wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá kò fi àkókò ṣòfò, ó bi wọ́n níṣojú mi: "Wọ́n ní omi ẹ̀rọ tí a fún yín kò dára. Òótọ́ ni?"

Baálẹ̀ dìde, ó ṣí fìlà. "Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A dúpẹ́ o, ọ̀gá. Omi yín dára púpọ̀. Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ mọ òùngbẹ."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yẹ ojú fún mi. Mo wo Yèyé Lọ́lá, òun náà dorí kodò. Ọ̀gá Pẹ́ńsù yí sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí pẹ́ńsù náà ṣe ń họ ìwé. Mo tún ìró mi dì. Mo ti di òpùrọ́ ní Àkúrẹ́, mo tún ti di òpùrọ́ ní Abà Titun.

Ìgbà náà ni Yèyé Lọ́lá gbé omi wá. Ife méjì ló wà lórí abọ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀kan fún ọ̀gá, ó gbé ọ̀kan fún mi. Ọ̀gá mu tirẹ̀ tán ó sì ní, "Omi yìí dùn."

Èmi da tèmi sílẹ̀. Mo dà á sílẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, mo sì gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe kígbe, nítorí ìwà àfojúdi gbáà ni. Mo rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ, mo fà á títí ife fi kún. Ọwọ́ irin rẹ̀ ń ké jẹ̀ẹ́rẹ́, jẹ̀ẹ́rẹ́, òun nìkan ni ìró tó wà ní gbogbo abúlé. Mo gbé e padà wá, mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá. Omi náà pọ́n nínú ife funfun.

"Ọ̀gá, ẹ fi èyí ṣe ìkejì. Omi tí baálẹ̀ ń sọ nìyí."

Ọlọ́kàn líle ni ọkùnrin náà. Ó gbà á. Ó wo inú rẹ̀, ó wo baálẹ̀, baálẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó gbé ife náà sókè, ó ti fẹ́ kan ètè rẹ̀.

Ọwọ́ kan bo ẹnu ife náà. Yèyé Lọ́lá ni. Ó ti fi orúnkún wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ bo omi náà, omijé ti gba ojú rẹ̀.

"Ẹ má mu ún, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Àlejò wa ni yín."

Ọ̀gá wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ta wá ni ẹ máa ń fún ní èyí mu?"

"Ewúrẹ́ pàápàá kì í mu ún, sà," Lọ́lá ló dáhùn láti ẹ̀yìn.

Baálẹ̀ kọ́ ikọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde lẹ́nu wọn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: ọbẹ̀ tó dúdú, aṣọ funfun tó di pupa, ògì tó bàjẹ́ sínú ìkòkò. Ọ̀gá yí ẹ̀yìn pẹ́ńsù rẹ̀ padà, ó fi rọ́bà rẹ̀ pa ohun tó kọ rẹ́. Ọkọ̀ aṣọ náà dé Abà Titun lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn fún abúlé kejì, wọ́n da oògùn sí adágún, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ àwọn páìpù irin tó ti dípẹtà kúrò nínú kànga náà. Kò lé mi. Kò yìn mí náà. Ohun tó ṣe ni pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ yọ fọ́ọ̀mù ní abúlé kankan títí di ọjọ́ kẹta. A ó bá wọn pọn omi, a ó bá wọn gún iyán, a ó bá wọn fọ́ kòkó, ìgbà náà ni a ó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ó gba àkókò. Ó ń dùn mí pé kò sí ẹni tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́lá ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e débẹ̀. Ìyá rẹ̀ sin ín wá sí Oǹdó níbí, ilé mi ni wọ́n sùn.

Ẹ wo kókósẹ̀ mi òsì. Ẹ súnmọ́ ọn, kò ní bù yín jẹ. Ṣé ẹ rí àpá róbótó yẹn? Omi tó dùn tí mo mu fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ihò wà nínú aṣọ náà, mo ti sọ fún yín. Odidi ọdún ni mo fi ń wo ẹsẹ̀ mi ní gbogbo àárọ̀ kí n tó wẹ̀, ó sì jáde ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń retí rẹ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ká a mọ́ igi ìṣáná. Ó jáde lára àwọn díẹ̀ ní Abà Titun náà, àwọn tó ti mu omi kí aṣọ tuntun tó dé. Lẹ́yìn tiwa, kò jáde lára ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Ó dáa. Ẹ wá wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Kí ni ẹ mu? Omi inú ọ̀rá ni. Ta ló rà á? Èmi ni. Kànga ẹlẹ́rọ yín wà níwájú ilé mi, ẹ kọjá lára rẹ̀ wọlé. Arúgbó bíi tèmi rán ènìyàn lọ ra omi láti ìgboro, ẹ mu ún, ẹ ní "Ẹ ṣé, mà," ẹ sì kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yín pé inú mi dùn sí kànga náà. Mo ní a dúpẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tó rin ọ̀nà jíjìn wá kí mi?

Ìwọ tó wọ dígí, dìde. Kọ́ọ̀bù wà lórí fíríìjì yẹn. Lọ fa omi kànga yín wá, kún un dáadáa, kí o jókòó síbí níwájú mi, kí o gbé e dé ẹnu. Kí o wá máa wo ọwọ́ mi.